Kàlípà Mercedes 200 tó lẹ̀ mọ́ dísìkì: bí a ṣe tún un ṣe nílé ní Tanke, Ìlọrin

Àìsàn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé ọkọ̀ náà wá ni pé ó ń fà sí òsì. Bí bàbá ìyàwó mi bá dẹ ọwọ́ díẹ̀ lórí sítíárì, imú ọkọ̀ á ti máa yà lọ, yálà wọ́n tẹ bíréèkì tàbí wọn ò tẹ̀ ẹ́. Táyà iwájú lápá òsì máa ń gbóná ju mẹ́ta yòókù lọ, ó sì máa ń rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Ṣùgbọ́n èyí tó kó mi láyà sókè jù ni ohun tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀, tí wọ́n sọ bí ẹni pé kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ti Òmù-Àrán lọ síbi ìsìnkú kan ní Ọ̀tùn-Èkìtì, níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè tó tún ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wọn sì rì lọ sílẹ̀. Wọ́n ní láti tún un tẹ̀ léraléra kó tó mú. Nígbà tí wọ́n jẹun tán níbi ìnáwó, tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, bíréèkì ti dára.

“Ó ti lọ fúnra ẹ̀,” ni wọ́n wí.

Mo ní, “Bàbá, kò lọ o. Òkè mìíràn ló ń dúró dè.”

Mercedes 200 ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1982, irú èyí tí wọ́n ń pè ní W123. Láti 1976 sí 1985 ni wọ́n fi ń ṣe é ní Jámánì, iye tí wọ́n ṣe sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.7, ìdí nìyẹn tí rọ́bà àti páàdì rẹ̀ kò fi tíì di àwátì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí. Kàlípà iwájú rẹ̀, irin tó ń fi páàdì há dísìkì láàárín kí táyà lè dúró, kì í rìn síwá sẹ́yìn bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ó dúró gbọin, písítìnì méjì, irin tí ọ́ìlì bíréèkì ń tì kó lè ti páàdì, ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá ìta, dísìkì sì wà láàárín wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, òun ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi, mẹkáníìkì kan ti gba bàbá nímọ̀ràn pé kí àwọn dí páìpù bíréèkì táyà yẹn pa, pé mẹ́ta yòókù á gbé ọkọ̀ dúró. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń rìn bẹ́ẹ̀ wà nígboro Ìlọrin yìí, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn mí gidigidi. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, iwájú ni ìwúwo ọkọ̀ ń rọ́ lọ, táyà iwájú méjèèjì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ dí ti òsì pa, ti ọ̀tún nìkan ni yóò máa mú, imú ọkọ̀ á já sí ọ̀tún, sínú gọ́tà tàbí sára ìyá tó ń din àkàrà létí títì. Ẹ dí ti ọ̀tún pa, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni ẹ ó já sí. Tí ẹ bá ń rọra lọ, ẹ lè má mọ̀ ọ́n rárá. Ọjọ́ tí ọmọdé bá sáré já sójú títì ni ẹ ó mọ̀.

Ìmọ̀ràn kejì tí wọ́n gbà wọ́n ni pé kí wọ́n lọ ra kàlípà tòkunbọ̀. Èmi ò bá tòkunbọ̀ jà. Ṣùgbọ́n kàlípà tí rọ́bà inú rẹ̀ ti dàgbà tó tiwa, tó ti jókòó sínú kọ̀ǹténà lórí omi, tó tún jókòó sórí ilẹ̀ nínú ọjà, kí lẹ rà níbẹ̀? Irin ni. Irin lẹ sì ti ní tẹ́lẹ̀. Nínú kàlípà, irin kì í tètè kú. Rọ́bà ló ń kú, ọ́ìlì ló ń bàjẹ́. Ohun tí mo dúró lé lórí fún bàbá nìyẹn. Yàtọ̀ síyẹn, mo ti rí kàlípà òsì tí wọ́n tà fún ẹni tó fẹ́ ra ti ọ̀tún. Ó wọ ibẹ̀ dáadáa, àmọ́ nípù, nọ́ọ̀tù kékeré tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́, wá bọ́ sí ìsàlẹ̀. Òkè ni afẹ́fẹ́ ń sá lọ. Ẹ lè fa ọ́ìlì láti àárọ̀ dalẹ́, afẹ́fẹ́ á ṣì wà níbẹ̀.

Kí a tó tú ohunkóhun, ó yẹ ká mọ ẹni tó jẹ̀bi. Táyà tí kò tú sílẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀bi písítìnì tó dì. Ó lè jẹ́ ẹ̀bi hóòsì rọ́bà tí inú rẹ̀ ti wú pa, tí ọ́ìlì ń rí ọ̀nà lọ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ṣùgbọ́n tí kò rí ọ̀nà padà. Ó sì lè jẹ́ másítà, ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì lọ sí táyà. Àwọn kan á kàn pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí owó oníkálukú lọ. Sípánà kékeré kan ló yanjú rẹ̀ fún wa. A fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, a fi jáàkì gbé iwájú, a sì fi sítáńdì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e. Àbúrò ìyàwó mi tẹ bíréèkì, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, mo wá fi ọwọ́ yí táyà. Kò yí. Mo tú nípù. Ká ní ọ́ìlì tó há sínú ló ń ti písítìnì ni, ì bá fọ́n jáde, táyà ì bá sì tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì kán tó, tó, táyà ò mira. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bi kúrò lọ́rùn hóòsì àti másítà.

Páàdì ló sọ ìyókù. Mo kọ́kọ́ bu omi sí erùpẹ̀ ibẹ̀, n ò fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọn, torí pé àwọn páàdì àtijọ́ kan ní asbestos nínú, ẹ̀dọ̀fóró ò sì ní sípéà. Mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbá pín-ìn méjèèjì jáde, mo fa páàdì yọ. Ti apá ìta ṣì nípọn. Ti apá inú ti jẹ tán, ó ku fẹ́ẹ́rẹ́ kó kan irin, ojú rẹ̀ dán, ó sì ti sán láwẹ́láwẹ́ nítorí ooru. Wáyà tó yẹ kó tan iná fún awakọ̀ tí páàdì bá ti ń tán, ẹnì kan ti gé e sọnù. Nínú kàlípà tó dúró gbọin, písítìnì kọ̀ọ̀kan ló ń ti páàdì tirẹ̀. Nítorí náà, písítìnì inú ló dì, ó dì síbi tó yọ dé, kò sì lè padà sẹ́yìn mọ́. Ti ìta ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ ní tiẹ̀.

Ohun kan náà ló fà á tí ẹsẹ̀ bàbá fi rì lọ́nà Ọ̀tùn. Páàdì tó ń ha dísìkì láìsinmi ń dá ooru sílẹ̀, ooru yẹn ń gba ara písítìnì wọ inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n kọ DOT 4 sára agolo rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n irú ọ́ìlì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, láti ọdún dé ọdún. Tí omi bá ti dé bíi ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 155°C ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. DOT 3 tiẹ̀ rẹlẹ̀ sí i: 205°C ní tuntun, 140°C tó bá ti mu omi. Ọ́ìlì tó bá hó ti di oru, oru sì ṣeé tẹ̀ pọ̀, ọ́ìlì ò ṣeé tẹ̀ pọ̀; ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń rì nìyẹn. Tí gbogbo rẹ̀ bá tutù, oru á padà di ọ́ìlì, bíréèkì á sì dà bí ẹni pé kò ṣàìsàn rí. Ohun tí bàbá sọ ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣèṣe jù nínú iṣẹ́ yìí ni yíyọ písítìnì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n tú kàlípà, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà, kó fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọn. Afẹ́fẹ́ tí a tẹ̀ pọ̀ ń lúgọ ni. Písítìnì á dì, á dì, á wá ta jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìka tó bá wà lọ́nà á rún. Ọ́ìlì ò rí bẹ́ẹ̀: bó bá ti ti nǹkan kúrò lójú kan, agbára rẹ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà a kò yọ hóòsì lára kàlípà. Mo tú kàlípà kúrò lórí dísìkì, mo gbé e lé orí àpótí kí hóòsì má baà fà, mo fi pákó pẹlẹbẹ àti kílámpù há písítìnì ìta tó ń rìn kó má lè yọ, mo wá ní kí àbúrò ìyàwó mi máa tẹ bíréèkì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo ti fi ègé pákó mìíràn sábẹ́ pẹ́dàlì kó má lè kanlẹ̀. Nínú másítà tó ti pẹ́, ibi tí rọ́bà rẹ̀ kì í dé lójoojúmọ́ máa ń pẹtà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ìpẹtà yẹn á ya rọ́bà másítà, iṣẹ́ kan á di méjì mọ́ yín lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ó le gan-an o.”

“Má fi í sílẹ̀. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀.”

A gbọ́ ọ tó ró kẹ̀, písítìnì sì yọ díẹ̀, ó kéré sí ìbú èékánná. Láti ibẹ̀ ó ti ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo dá a dúró kó tó já, mo gbé kílámpù lọ sórí rẹ̀, kí ti ìta náà lè jáde dé etí. Tí ẹ bá jẹ́ kí ọ̀kan já kúrò pátápátá, ihò rẹ̀ ni gbogbo ọ́ìlì á máa gbà jáde, èkejì á sì dúró síbi tó wà.

Rọ́bà ìbòrí písítìnì inú ti ya nísàlẹ̀, lápá ibi tí omi ẹrẹ̀ ń ta sí. Etí písítìnì náà ti pẹtà, kòtò wẹ́wẹ́ sì ti wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó wà nínú síìlì, òrùka rọ́bà tó yí i ká, lákòókò yẹn ṣì ń dán. Bàbá, tí wọ́n ti gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bi mí pé ṣé kì í ṣe ìpẹtà yẹn ló mú un dì ni. Mo ní rárá, ojú ilà ló wà.

Nínú ihò tí písítìnì ń wọ̀, ilà kan wà tí wọ́n gé yípo, síìlì sì jókòó sínú rẹ̀. Tí ẹ bá fi abẹ gé síìlì náà, igun mẹ́rin ni ẹ ó rí lójú ibi tí ẹ gé. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, písítìnì á yọ síwájú, síìlì tó dì í mú á tẹ̀ bá a lọ. Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, síìlì á fẹ́ padà sí bó ṣe wà, á sì fa písítìnì padà bíńtín. Kò sí sípíríǹgì kankan níbẹ̀ tó ń fà á. Rọ́bà yẹn ló ń mú páàdì kúrò lára dísìkì, kì í ṣe pé ó ń dènà ọ́ìlì nìkan. Gbogbo ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tí mo bá pàdé ni mo ń ṣàlàyé èyí fún, torí ẹni tó bá yé kò ní dá síìlì àtijọ́ padà sínú kàlípà láyé. Ní báyìí, tí ìpẹtà bá hù sẹ́yìn síìlì, nínú ilà yẹn, ńṣe ni á máa ti síìlì síta, á máa fún písítìnì lọ́rùn. Síìlì ò ní lè tẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè padà.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyẹn. Mo fi ike ṣóńṣó yọ síìlì, mo sì rí ìpẹtà pupa tó ti dì mọ́ ìsàlẹ̀ ilà yípo, ó nípọn jù lápá ìsàlẹ̀. Irin ò gbọdọ̀ ha ojú ilà yẹn. Orín ni mo lò, orín tí a fi ń rin ẹnu. Mo gbẹ́ orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, mo gé e kó ṣe déédéé ìbú ilà, mo ń rì í bọ inú sípíríìtì tí a rà ní kẹ́míìsì, mo ń fà á yípo. Ẹrẹ̀ pupa ń jáde, orín ń jẹ, mo ń tún un gbẹ́. Iṣẹ́ yìí ló pẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe, òun náà sì ni iṣẹ́. N ò dáwọ́ dúró títí mo fi lè fi èékánná yí inú ilà ká láìkọ ohunkóhun. Ara ihò fúnra rẹ̀ ní àpá díẹ̀, n ò sì yọ ara mi lẹ́nu lórí ìyẹn, nítorí síìlì kì í rìn lára ihò. Ara písítìnì ló ń rìn lórí síìlì. Ilà àti ara písítìnì ni kò gbọdọ̀ lábùkù. Bóòtù tó so apá méjèèjì kàlípà pọ̀ lójú àárín, a ò fọwọ́ kàn án.

Bàbá fẹ́ ká fi Brasso nu písítìnì yẹn ká sì dá a padà, nígbà tó jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ló pẹtà. Mo bẹ̀ wọ́n. Páàdì àtijọ́ ti jẹ, ìdí nìyẹn tí písítìnì fi yọ jìnnà. Páàdì tuntun nípọn, yóò ti písítìnì padà sínú, ibi tó pẹtà á wá bọ́ sínú síìlì gẹ́lẹ́, á sì máa ya á. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní ká ra tuntun.

Lórí kàlípà náà, lábẹ́ ìdọ̀tí, lẹ́tà mẹ́ta hàn: ATE, ìyẹn iléeṣẹ́ Alfred Teves tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Frankfurt ní 1906. Ẹ wo lẹ́tà kí ẹ tó lọ sọ́jà, torí pé W123 kan lè gbé ATE, òmíràn á gbé Bendix, rọ́bà ọ̀kan ò sì ní bá èkejì mu. A wọn ìbú písítìnì, a ya fọ́tò rẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí ìbátan wa kan ní Èkó, ó sì bá wa rí kíìtì méjì, ìyẹn síìlì àti rọ́bà ìbòrí tuntun, àti písítìnì kan ní Ládípọ̀.

Nígbà tí a ń dúró de ẹrù, mẹkáníìkì kan ládùúgbò, ẹni dáadáa ni, yà kí wa. Ó ní ká fi pẹtirólù fọ gbogbo rẹ̀, ká fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì pa síìlì kó lè yọ̀ wọlé. N ò bá a jiyàn. Mo mú síìlì àtijọ́ méjèèjì, mo rẹ ọ̀kan sínú ọ́ìlì bíréèkì, mo rẹ èkejì sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, mo bò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì mo pè é. Èyí tó wà nínú ọ́ìlì bíréèkì wà bó ṣe wà. Èyí tó wà nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ti wú, ó ti rọ̀, a gbé e sójú ilà, kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ọkùnrin náà fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ títí, ó wá bi mí pé ṣé gíríìsì náà á ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní á ṣe é bẹ́ẹ̀, àti kẹrosíìnì, àti ọ́ìlì gíà, àti ti sítíárì. Ó mú síìlì tó wú náà lọ, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ òun.

Dídá a padà kò pẹ́. Ọwọ́ mímọ́, ọ́ìlì bíréèkì tuntun lára síìlì àti písítìnì, kò sí ohun mìíràn. Àtàǹpàkò méjèèjì ni mo fi ti písítìnì wọlé, gbọọrọ. Tó bá ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fà á yọ kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbá a. Orí písítìnì yìí ní ibi tí wọ́n gé wọlé, ó sì gbọdọ̀ kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo ti sàmì sí i kí n tó yọ ọ́. Apá ọ̀tún ò ṣàìsàn, síbẹ̀ a tú u, a pààrọ̀ síìlì àti páàdì rẹ̀, torí pé táyà iwájú méjèèjì gbọdọ̀ máa mú bákan náà. A pààrọ̀ hóòsì méjèèjì pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí wọn.

Lẹ́yìn náà ni a fa ọ́ìlì. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni a ti bẹ̀rẹ̀, òun ló jìnnà sí másítà jù, a bọ́ sí ti ẹ̀yìn òsì, a wá sí iwájú ọ̀tún, a parí rẹ̀ sí iwájú òsì. Ọ́ìlì tó kọ́kọ́ jáde dúdú, ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. A ń fà á títí tó fi mọ́ gaara níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá ta sára ọ̀dà ọkọ̀, ẹ tètè bu omi sí i, torí ó ń bó ọ̀dà. Èyí tó ti jáde ò padà wọlé mọ́ o, kódà bí ẹ bá fi aṣọ sẹ́ ẹ.

Mo kọ́kọ́ wà á ní àdúgbò níbí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo ń tẹ bíréèkì tí mo ń fi í sílẹ̀ kí páàdì tuntun lè bá ojú dísìkì mu. Lẹ́yìn náà èmi àti bàbá jọ gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ. Lẹ́yìn Gànmọ̀, níbi tí ọ̀nà ti dá, mo dẹ ọwọ́ lórí sítíárì, mo tẹ bíréèkì dáadáa. Ọkọ̀ lọ tààrà, ó sì dúró tààrà. A sọ̀kalẹ̀, bàbá fúnra wọn wọ́n omi sára ríìmù òsì, wọ́n wọ́n ọn sára ti ọ̀tún. Omi kan ò hó ju èkejì lọ. Àwọn ni wọ́n wà á padà sílé.

Kàlípà ẹ̀yìn ló kù. Wọn ò lẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà inú wọn ò kéré lọ́jọ́ orí sí èyí tí a yọ sọnù, n ò sì fẹ́ kí a dúró di ìgbà tí wọ́n á lẹ̀. Kíìtì wọn ti wà nílẹ̀. Mo ti kọ oṣù àti ọdún tí a pààrọ̀ ọ́ìlì sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí agolo ọ́ìlì bíréèkì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí mẹkáníìkì yòówù tó bá ṣí i ní Òmù-Àrán lè rí i pé DOT 4 ló wà níbẹ̀, àti pé kí ọdún méjì tó kọjá ni kí wọ́n tún un pààrọ̀.